Ọmọ Ọjọ́ Mẹ́fà ní Bọ́lọ́rundúró

Scotland,
Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ keje, oṣù Kẹrin, 2025.

Màmá mi àgbà, Màmá Oǹdó,

Mo dọ̀bálẹ̀ o, ẹ̀yin tí ẹ kọ́ mi ní A, B, D kí n tó mọ ilé ìwé. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé orúnkún yín ti fúyẹ́? Ṣé òjò ti ń rọ̀ dáadáa ní Oǹdó? Bàbá mi ní ẹ sọ pé etí yín ti di sí fóònù, pé ṣe ni ohùn mi ń dún bí ẹni tó wà nínú kànga, pé lẹ́tà ni kí n máa kọ. Òun á máa tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọ́fíìsì rẹ̀ ní Àkúrẹ́, á sì máa gbé e wá bá yín ní Sátidé, kó lè gba èsì yín, kó sì fi ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù. Ọjọ́ Ajé nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ fún wa láti fọṣọ, ká ra oúnjẹ, ká sì kọ̀wé sílé. Nítorí náà, ẹ máa retí mi.

Ìlú tí wọ́n fi mí sí yìí kéré, etí òkun ló wà, kùrukùru ló sì ni ín. Láàárọ̀, kùrukùru náà á gbéra láti orí omi, á bo títì, á bo àwọn ilé òkúta, á bo ṣọ́ọ̀ṣì. Ìgbà mìíràn, ìró bàtà Taufa nìkan ni mo fi ń mọ̀ pé ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Taufa ni ẹnìkejì mi, ọmọ erékùṣù Tonga ni. Òfin iṣẹ́ ìwàásù tí ìjọ Mọ́mọ́nì wa rán wa ni pé méjì-méjì là ń rìn: a jọ ń jí, a jọ ń jẹ, a jọ ń kan ilẹ̀kùn àwọn èèyàn láti kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ ìjọ wa. Ó tóbi, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, orin ló máa ń kọ.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ilẹ̀kùn mọ́kànlélógún la kàn. Ajá ló dá wa lóhùn níbi mẹ́rin. Ní Ọjọ́rú, bàbá arúgbó kan tó ń tún àwọ̀n ṣe ní ká wọlé, ó sì gbé tíì kalẹ̀. A ní ìjọ wa kì í mu tíì. Ó wò wá títí, ó da tíì nù, ó sì bu omi gbígbóná lásán sínú ife fún wa, ló bá jókòó, ó ń wò wá bí a ṣe ń mu ún. Ó sọ ìtàn àwọn ọkọ̀ tó rì fún wa. Nígbà tí a jáde, mi ò mọ̀ bóyá àwa la kọ́ ọ tàbí òun ló kọ́ wa.

Ọjọ́ Ẹtì ni ohun tó wà lọ́kàn mi ṣẹlẹ̀. Obìnrin kan wà tí a ti kọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, Ìyáàfin Rennie. Kò tíì ju ẹni ogójì ọdún lọ, ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń gé ẹja ló ti ń ṣiṣẹ́. Lára ògiri rẹ̀, ó gbé fọ́tò kan kọ́, kì í ṣe fọ́tò èèyàn, àmì àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ ìkókó ni, méjèèjì ò gùn tó àtàǹpàkò mi. Wọ́n kọ orúkọ sábẹ́ rẹ̀, Callum, àti ọjọ́ tí wọ́n bí i àti ọjọ́ tó kú, ọjọ́ mẹ́rin péré ló wà láàárín wọn. Ó nawọ́ sí i, ó ní, "Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ni, níbo lọmọ mi wà báyìí?"

Màmá, mo mọ ohun tí ìjọ wa kọ́ wa. Ṣùgbọ́n àánú rẹ̀ ṣe mí, ẹnu mi sì sáré ṣáájú. Ohun tí wọ́n máa ń sọ nílé ni mo sọ: omi ló dànù, agbè ò fọ́. Mo tú u sí Gẹ̀ẹ́sì fún un, mo tilẹ̀ ṣàlàyé pé òun ni agbè, pé Ọlọ́run á tún pọn omi sí i. Ó ní, "Ọmọ mi kì í ṣe omi." Ó ṣílẹ̀kùn, ó sì dúró tì í títí a fi jáde.

Kí ni mo ṣe, Màmá? Ọ̀rọ̀ ìtùnú ni mo mọ̀ ọ́n sí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà, wọ́n lè gbé mi lọ sí ìlú mìíràn, mi ò sì fẹ́ lọ láì dá obìnrin yìí lóhùn. Ẹ̀yin lẹ ti bá ọ̀pọ̀ ìyá sọ̀rọ̀ nínú ẹgbẹ́ obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì. Kí ni kí n sọ fún un?

Èmi ọmọ ọmọ yín,
Babájídé.
(Níbí, Alàgbà Dúrótoyè ni wọ́n ń pè mí.)


Oǹdó,
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹrin, 2025.

Ọkọ mi,

Mo gba ìwé rẹ, mo sì wà láàyè, a dúpẹ́. Orúnkún ń dùn mí, àmọ́ òun náà ti dàgbà.

Alàgbà kẹ̀! Mo rẹ́rìn-ín títí bàbá rẹ fi sáré wọlé láti ìdí jẹnẹrétọ̀, ó rò pé nǹkan ló ṣe mí. Ìwọ tí mo fi ọwọ́ ara mi nu ikun nímú rẹ, ta ló fi ọ́ jẹ alàgbà? Ọmọ ogún ọdún! Àwọn òyìnbó ló gbé ìhìn rere wá bá àwọn baba wa, ìwọ wá ń gbé e padà lọ fún wọn bí ẹni ń dá ìkòkò aládùúgbò padà. O fi yunifásítì sílẹ̀ ní Àkúrẹ́ lọ́dún kejì nítorí ẹ̀, ó sì dùn mí. Mo ti sọ ọ́, ó tán.

Báírò pupa ni mo fi ka lẹ́tà rẹ. Àṣìṣe mẹ́sàn-án. Tíṣà kì í fẹ̀yìn tì.

Mo lá àlá rẹ ní àárọ̀ Tọ́sìdeè. O wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun àti táì, o ń rìn nínú kùrukùru lójú ọ̀nà Bọ́lọ́rundúró, níbi tí èmi àti bàbá rẹ àgbà ti dáko nígbà èwe wa. O ń kan ilẹ̀kùn níbi tí kò sí ilé mọ́. Nígbà tí mo jí, ó pẹ́ kí n tó mọ inú ilé tí mo wà.

Ní ti obìnrin yẹn, má sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá ọlọ́mọ mọ́. N kò ní ohun tí n ó fi kún un.

Ṣùgbọ́n dá mi lóhùn. Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n kọ orúkọ ọmọ ọjọ́ mẹ́rin sára ògiri? Ta ló sọ ọ́ lórúkọ, nígbà tí ọjọ́ kẹjọ ò tíì pé?

Èmi, ìyá bàbá rẹ.


Scotland,
Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹrin, 2025.

Màmá mi àgbà,

Ẹ kú ìrora orúnkún, ẹ sì kú báírò pupa. Mo gbà pé mẹ́sàn-án ni.

Lóòótọ́ ni. Wọn kì í dúró de ọjọ́ kẹjọ níbí. Kí wọ́n tó bí ọmọ náà gan-an ni wọ́n ti ń pe orúkọ rẹ̀. Nígbà tó kú, nọ́ọ̀sì ló fi yíǹkì tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ sórí ìwé, tí wọ́n sì fún ìyá rẹ̀ mú lọ sílé. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo rò pé ṣe ni wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn pe ìbànújẹ́. Ní báyìí, mi ò mọ ohun tí mo rò mọ́.

A padà lọ síbẹ̀ ní Àbámẹ́ta. Kọ́tìnì mì, kò ṣílẹ̀kùn.

Màmá, ẹ kì í fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láàbọ̀. Kí ló burú nínú ohun tí mo sọ? Gbogbo ayé ló ń sọ ọ́ nílé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi, torí bí mi ò bá mọ ibi tí mo ti ṣì í, mi ò lè mọ bí mo ṣe máa tún un ṣe.

Babájídé.


Oǹdó,
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Kẹrin, 2025.

Babájídé,

A kú ọdún Àjíǹde. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ni mo ti ń fi èyí ránṣẹ́, kì í ṣe ọwọ́ bàbá rẹ, nítorí n kò fẹ́ kí ó kà á. Ọmọbìnrin tó wà ní kántà wá sítáǹbù títí, ó ní ó pẹ́ tí àgbàlagbà ti wá fi lẹ́tà ránṣẹ́ sílùú òyìnbó. N kò mọ ọjọ́ tí yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ti dúró fún ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, yóò dúró díẹ̀ sí i.

Ní ọdún 1964, mo bí ọmọbìnrin kan ní Bọ́lọ́rundúró. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni mí, mo ń kọ́ kíláàsì kìíní ní ilé ìwé àwọn àgbẹ̀. Àsìkò kòkó ni, gbogbo ilé ló ń rùn fún kòkó tútù. Ọmọ náà gbé ayé fún ọjọ́ mẹ́fà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹfà, mo gbé e sí ọmú, kò mu. Àwọn obìnrin tó dàgbà jù mí lọ wọlé, wọ́n ní kí n kọjú sí ògiri. Mo kọjú sí ògiri. Nígbà tí mo yíjú padà, wọ́n ti gbé e lọ. Ìyá kì í mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ sí, àṣà ni, n kò sì béèrè. Wọ́n wá ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń sọ ohun tí ìwọ sọ fún obìnrin yẹn. Omi ló dànù. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n ń sọ ọ́, wàrà ń ro láyà mi, ó ti rin aṣọ mi gbindin. Mo ní ẹ ṣé. Mo kórìíra ọ̀rọ̀ náà, Jídé. Mo kórìíra rẹ̀ títí dòní, n kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni rí.

Kátíkíìsì tó ń darí ṣọ́ọ̀ṣì wa ní a kò lè kọ ọ́ sínú ìwé ìjọ, nítorí kò ní orúkọ, kò sì ṣe ìrìbọmi. Bàbá rẹ àgbà kò dárúkọ ọ̀rọ̀ náà mọ́ títí ó fi kú. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ ni mo bí bàbá rẹ. Gbogbo èèyàn ń pè é ní àkọ́bí mi, mo sì ń jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n fún ọdún márùndínlógójì tí mo fi ṣe tíṣà, bí mo bá pe orúkọ àwọn ọmọ tán nínú rẹ́jísítà, mo máa ń dúró díẹ̀ kí n tó pa á dé. Àwọn ọmọ rò pé mímí ni mò ń mí.

O bi mí pé kí ni kí o sọ fún un. Má sọ nǹkan kan. Béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bí ọmọ náà ṣe rí. Ẹnikẹ́ni kò bi mí. Irun orí tèmi pọ̀, etí rẹ̀ òsì ká díẹ̀ lókè, ó sì máa ń ká ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ra bó bá ń sùn. Ìwọ ni ẹni àkọ́kọ́ tó gbọ́ ọ.

Èmi náà wá fẹ́ bi ọ́, ìwọ tí wọ́n ń pè ní alàgbà. Ọmọ mi, tí kò ní orúkọ, tí a kò da omi sí lórí, níbo ló wà? Má fi òwe dá mi lóhùn.

Màmá rẹ.


Scotland,
Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ karùn-ún, oṣù Kárùn-ún, 2025.

Màmá mi àgbà,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Sátidé mẹ́ta ti kọjá, bàbá mi kò rí lẹ́tà gbà lọ́wọ́ yín. Ó ní ẹ ti ka èyí tí mo kọ gbẹ̀yìn, ẹ ká a sínú àpamọ́wọ́ yín, ẹ sì ní kí òun máa lọ sílé. Ó bi mí pé kí ni mo kọ. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ fún un.

Bí mo bá ti rí yín fín, mo túúbá. Àmọ́ kí ẹ dákẹ́ báyìí náà kò dáa, Màmá. Bí èèyàn bá wà lókèèrè, ìdákẹ́jẹ́ ilé máa ń tóbi. Ẹ bá mi wí, kí n mọ̀ pé ẹ wà.

Ọ̀sẹ̀ yìí gùn. A kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ méjì tí wọ́n sùn lọ lójú wa. Bàbá aláwọ̀n tún fún wa lómi gbígbóná. Kùrukùru kò ká rárá fún ọjọ́ mẹ́ta, a kàn ń rìn nínú rẹ̀, Taufa ń kọrin, ó wá ń ṣe mí bíi pé bí a bá yà sí ọ̀tún ní igun tó kàn, màá já sí Yaba lÓǹdó, màá rí yín lórí àga yín níwájú ilé. Mo tilẹ̀ yà. Ògiri ọgbà ẹnìkan ni mo fi orí sọ.

Wọ́n ti fún mi lọ́jọ́: ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹfà, wọ́n ń gbé mi lọ sí Glasgow. Ìyáàfin Rennie kò tíì ṣílẹ̀kùn.

Babájídé yín.


Scotland,
Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì, oṣù Kẹfà, 2025.

Bàbá mi, mo bẹ̀ yín, ẹ tẹ ìwé tó tẹ̀ lé èyí jáde láì kà á, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ pa fún Màmá.

Màmá mi,

Lẹ́tà yín dé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá. Ọjọ́ márùndínlógójì ló fi rìn. Orí àtẹ̀gùn ilé wa ni mo jókòó sí kà á, mo sunkún níbẹ̀, mi ò tijú. Taufa jókòó tì mí, ó ń kọ orin ìlú wọn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí mo fi ṣe tán.

Ní Ọjọ́bọ̀, a lọ kan ilẹ̀kùn Ìyáàfin Rennie. Ó ṣí i díẹ̀. Mo ní, "Ẹ má bínú sí mi. Ọmọ yín kì í ṣe omi. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ló ṣe rí?" Mo rò pé yóò tì í mọ́ wa lójú. Ó ní irun rẹ̀ pupa. Ó ní ó sín lẹ́ẹ̀méjì lọ́jọ́ kejì, gbogbo nọ́ọ̀sì sì rẹ́rìn-ín. Ẹnu ọ̀nà ló ti bẹ̀rẹ̀, ó pẹ́ kó tó rántí pé òtútù ń mú wa, ó sì ní ká wọlé. A ò kọ́ ọ ní nǹkan kan lọ́jọ́ náà, òun ló ń sọ̀rọ̀. Nígbà tó sọ tán, ó tún béèrè ìbéèrè rẹ̀, mo sì dá a lóhùn. Mi ò mọ̀ bóyá yóò wá sí ìjọ wa láé. Ó fún wa lẹ́ja.

Ohun tí mo sọ fún un ni màá sọ fún yín. Ìjọ wa kọ́ wa pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ kò lẹ́ṣẹ̀ lọ́rùn. Kò sí omi ìrìbọmi tí ẹnikẹ́ni jẹ ẹ́, kò sí ilẹ̀kùn tí wọ́n tì mọ́ ọn. Ọ̀dọ̀ Ọlọ́run ló wà láti àárọ̀ ọjọ́ kẹfà yẹn, wọn ó sì dá a padà fún ìyá rẹ̀ láti tọ́. Láti oṣù mọ́kànlá ni mo ti ń sọ ọ́ fún àwọn èèyàn tí mi ò mọ̀ rí, bí ẹni ka ìwé sórí. Ìgbà yìí ni mo tó mọ bí mo ṣe fẹ́ kí ó jẹ́ òótọ́ tó.

Bí ẹ bá fẹ́, ẹ gbà á, bí ẹ ò bá fẹ́, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ ṣáà dá mi lóhùn lórí èyí: kí lorúkọ rẹ̀? Mo mọ̀ pé ẹ ní ọ̀kan lọ́kàn. Màmá, ẹ sọ fún bàbá mi pé ó ní ẹ̀gbọ́n.

Babájídé.


Oǹdó,
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹfà, 2025.

Ọkọ mi,

Ẹ kú ìṣípò sí Glasgow, ìwọ àti òtútù rẹ.

Bàbá rẹ gbé ìwé rẹ wá ní Sátidé tó kọjá. Ó ti fi sẹ́lótéèpù lẹ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó ní, "Màmá, mi ò kà á o," ó sì dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ọmọ tí wọ́n ní kó wá rí tíṣà. Mo kà á. Mo tún un kà. Mo wá nà án sí i, mo ní, "Kà á sókè." Nígbà tó dé ìdí rẹ̀, ó ká ìwé náà mọ́wọ́. Mo sọ ìyókù fún un. Ó ní, "Màmá, láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni mo ti ń ṣe àkọ́bí yín." Mo ní, "Mo mọ̀." Mo ti múra bí yóò bá bi mí pé kí ló dé tí n kò sọ fún òun, kò bi mí. Ó bi mí pé ṣé mo mọ ibi tó wà. Mo ní rárá. Ó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò.

Òjò ti rọ̀ kọjá, èéfín ń rú láti ara ilẹ̀ lójú ọ̀nà Bọ́lọ́rundúró, kòkó wà ní ọ̀tún àti òsì. Bí a ṣe ń lọ, ṣe ló ń ṣe mí bíi pé ọdún ń bọ́ kúrò lára mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ilé wa ti wó, ó ku àtẹ̀gùn kan. Nínú àwọn tó gbé ọmọ náà lọ, Ìyá Oríọlá nìkan ló kù. Ó ti lé láàádọ́rùn-ún ọdún, kò ríran mọ́. N kò tíì kí i tán tó fi di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó ní, "Fọláhànmí, o wá béèrè." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ìyá kì í béèrè, a kì í sì í sọ fún un. Ṣùgbọ́n èmi náà ti ń lọ, ta ni mo fẹ́ fi í lé lọ́wọ́?"

Ó tẹ ọ̀pá, ó mú wa lọ sẹ́yìn ilé, sí ìdí igi obì tó wà níbi tí a ti máa ń sá kòkó. Ó ní òun lòun tẹ́ ẹ síbẹ̀, òun sì kọjú rẹ̀ sí ilé, kí ó lè máa gbọ́ ohùn mi. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo fi sá kòkó níbẹ̀, Jídé. Mo máa ń kọrin níbẹ̀.

Ní ti ẹ̀kọ́ ìjọ yín, n kò ní di Mọ́mọ́nì lọ́jọ́ ogbó, má dúró dè mí. Ṣùgbọ́n máa sọ ọ́ fún àwọn obìnrin. Má jẹ́ kó rẹ̀ ọ́.

O bi mí ní orúkọ. Ó ti wà lẹ́nu mi láti ọjọ́ tí mo bí i, n kò pè é fún ẹnikẹ́ni rí, bàbá rẹ àgbà pàápàá kò gbọ́ ọ. Mo pè é níbẹ̀. Fẹ̀yìntọlá. Ohùn mi kò ròkè, ṣùgbọ́n mo pè é.

Bàbá rẹ bọ́ bàtà rẹ̀. Mo rò pé àdúrà ló fẹ́ gbà. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, ọ̀gá àwọn èèyàn ní sẹkitéríàtì Àkúrẹ́, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́rùn, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Mi ò mọ̀ pé ẹ wà níwájú mi." Kò dìde. Ó dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀, ó ń dúró kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kí òun dìde, títí mo fi bá ọmọ mi dá a lóhùn.

Èmi ni,
Ìyá Fẹ̀yìntọlá.